Ọ̀WỌ́N ÀTI Ọ̀PỌ̀: KÍ NI A Ń WÍ NÍGBÀ TÍ A BÁ NÍ NǸKAN ṢỌ̀WỌ́N?

Bí aláta kan bá dé láti ọjà tí ó ní, ‘Ata wọ́n lónìí,’ ohun méjì ni ó lè máa wí. Ó lè jẹ́ pé ata kò pọ̀ lọ́jà. Ó sì lè jẹ́ pé owó gọbọi ni wọ́n ń dá lé e. Bákan náà ni ó rí fún òdìkejì rẹ̀. Bí a bá ní, ‘Mo rà á lọ́pọ̀,’ owó pọ́ọ́kú ni à ń wí. Bí a bá ní, ‘Ó pọ̀ nílẹ̀,’ iye ni à ń wí. Òwe tí àwọn àgbà pa pàápàá, pé ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, orí ìbejì yìí ni ó dúró lé. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò rántí iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ ọ́ sínú àròkọ pé ohun tí kò bá pọ̀ ni ó máa ń gbówó lórí, tí a sì fa igi ‘ó tọ́’ sí i láìdúró rò ó. Èmi náà ti fa irú igi bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Lẹ́tà kan tí mo gbà lọ́dún tó kọjá ni ó mú kí n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ni ó kọ ọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí ó ti ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti kọ́ àṣà kan lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀: ó ń kó káàdì àwọn eléré ìdárayá ayé àtijọ́ jọ. Obìnrin arúgbó kan ní àdúgbò rẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì kó àwọn ohun ilé rẹ̀ síta fún títà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ra àpótí páálí kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní 40 dọ́là. Láàrin ọ̀pọ̀ káàdì tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan wà tí ẹni tí wọ́n ya sí iwájú rẹ̀ kì í ṣe gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ìpolówó sìgá Drum ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa bí a ti í tú ọ̀rọ̀ wò, sà. Ẹ bá mi tú èyí wò. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ohun yìí ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́? Ǹjẹ́ mo sì jẹ màmá náà ní gbèsè?’ Ó rò pé ìbéèrè méjì ni òun bi mí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà.

Kí á tó lọ síwájú, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń sọ. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ilé-iṣẹ́ tábà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ki páálí pẹlẹbẹ sínú pákẹ́ẹ̀tì sìgá kí sìgá má baà tẹ̀. Wọ́n ya àwòrán sí i kí ó lè fa oníbàárà mọ́ra: àwòrán òṣèré, ti ọ̀gágun, ti agbábọ́ọ̀lù. Láàrin ọdún 1909 sí 1911, ilé-iṣẹ́ American Tobacco Company tẹ ọ̀wọ́ káàdì kan jáde fún àwọn agbá-bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù, eré àfigigbá tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn jù. Oríṣi àwòrán tó wà nínú ọ̀wọ́ náà lé ní 500. Oríṣi ìpolówó sìgá 16 ni ó sì pín sí ẹ̀yìn wọn. T206 ni à ń pe ọ̀wọ́ yìí lónìí. Jefferson Burdick ni ó fún un lórúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé atọ́ka rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe olówó. Ó kó oríṣiríṣi káàdì àti bébà tó lé ní 300,000 jọ, ó fi gbogbo rẹ̀ ta ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Metropolitan ní New York lọ́rẹ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìwé ńláńlá níbẹ̀. Ọdún 1963 tí ó lẹ̀ ẹ́ tán náà ni ó kú. Àwọn olùkójọ òde òní a máa gbọn rìrì bí wọ́n bá gbọ́ pé gọ́ọ̀mù ni ó fi lẹ̀ ẹ́, nítorí káàdì tí gọ́ọ̀mù bá ti kàn lẹ́yìn ti pàdánù ọ̀pọ̀ nínú owó orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí owó ni Burdick ṣe kó o jọ. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà ni.

Inú ọ̀wọ́ yìí ni káàdì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ láyé ti wá, èyí tó ní àwòrán Honus Wagner, ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Pittsburgh. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n dá a dúró. Àwọn kan ní Wagner kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa tìtorí àwòrán òun ra tábà. Àwọn mìíràn ní owó àwòrán rẹ̀ ni wọn kò san fún un. A mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ a máa jẹ tábà lẹ́nu, nítorí náà kálukú lè gba èyí tó bá wù ú gbọ́. Àwọn tí a mọ̀ pé ó kù láyé wà láàrin 50 sí 60. Ní ọdún 2022, wọ́n ta ọ̀kan ní 7.25 mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò ní, ‘Ẹ ò rí i bí? Kò pọ̀, ni ó ṣe gbówó lórí.’ Ṣùgbọ́n inú ọ̀wọ́ kan náà ni káàdì Joe Doyle wà. Líìgì tí wọ́n ń pè ní American ni ẹgbẹ́ New York tí Doyle ń gbá bọ́ọ̀lù fún wà, ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé ṣi orúkọ kọ, wọ́n fi líìgì kejì sí abẹ́ àwòrán rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí àṣìṣe náà, wọ́n sì pa á rẹ́. Ìwọ̀nba káàdì tó ní àṣìṣe yìí tí a mọ̀ kéré sí ti Wagner lọ́nà jíjìn réré. Owó orí rẹ̀ kò sì dé ibi tí ti Wagner dé rárá. Bí àìpọ̀ nìkan bá ni ó ń sọ nǹkan di olówó iyebíye, Doyle ni ì bá jẹ́ ọba, Wagner ì bá sì máa forí balẹ̀ fún un. Níbi tí èdè wa ti so okùn méjì pọ̀, Doyle àti Wagner ni ó tú u fún mi.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún 1952, ilé-iṣẹ́ Topps, tí ń ta ṣingọ́ọ̀mù, tẹ káàdì Mickey Mantle jáde. Nínú bébà ńlá tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwòrán rẹ̀ wà, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ púpọ̀ wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó ti la ọwọ́ àwọn ayẹ̀káàdìwò kọjá ju 1,000 lọ. Síbẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n ta ẹyọ kan ní 12.6 mílíọ̀nù dọ́là, ju ti Wagner lọ fíìfíì. Kí ló dé? Ẹyọ náà mọ́ bí ìgbà tí ó ń ti inú ẹ̀rọ bọ̀: etí rẹ̀ mú, igun rẹ̀ kò kán, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣá. Mantle kò ṣọ̀wọ́n. Mantle tí ọmọdé kò fọwọ́ kàn ni ó ṣọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni fún ọmọdé ni wọ́n ṣe é. Èyí a máa pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀: nǹkan ìṣeré tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣeré ni a wá ń fi ohun ọ̀ṣọ́ ọba wé.

Ìtàn àwọn ẹgbẹ́ káàdì náà tún ń kọ́ ni lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Èyí tí Topps tẹ̀ kẹ́yìn lọ́dún 1952 kò tà. Ó wà ní ilé ìkẹ́rùsí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fẹ́ẹ̀ máa fi tọrẹ, kò sẹ́ni tó fẹ́. Sy Berger tí ó ṣètò ọ̀wọ́ náà a máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ní ọdún 1960 òun kó àwọn páálí rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, òun sì dà wọ́n sí òkun Àtìláńtíìkì. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ohun tó ń sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, kí ó ro ti ọkọ̀ yìí. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó dín káàdì náà kù, àìnífẹ̀ẹ́ ni. Àwọn ìyá tó gbá káàdì ọmọ wọn dànù, àwọn ọmọ ilé-ìwé tó kó tiwọn sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì nígbà tí ìjọba ń gba àlòkù bébà, gbogbo wọn ni wọ́n bá wa sọ ìwọ̀nba tó kù di ohun àpéwò.

Ọ̀wọ́n tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ dá sílẹ̀ wà pẹ̀lú, òun ni inú mi kò sì dùn sí jù. Ilé-iṣẹ́ Goudey tẹ ọ̀wọ́ káàdì 240 jáde ní ọdún 1933. Àwọn ọmọdé ra ṣingọ́ọ̀mù títí, wọn kò rí nọ́ńbà 106. Wọn kò lè rí i, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà kò tẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ kan bá ṣì ń wá nọ́ńbà 106, yóò ṣì máa ra ṣingọ́ọ̀mù. Nígbà tí àròyé pọ̀, wọ́n tẹ àwòrán Nap Lajoie ní ọdún 1934, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ̀wé béèrè. Káàdì náà wá di ọ̀kan nínú àwọn tí olùkójọ ń fi ojoojúmọ́ wá. A mọ alágbàtà tí ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Èyí ga ju ti alágbàtà lọ, nítorí pé ọjà tí kò sí rárá ni wọ́n ń mú ọmọ ọlọ́mọ wá kiri.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ilé-iṣẹ́ náà ṣe òdìkejì: wọ́n tẹ káàdì bí ẹní tẹ ìwé ìròyìn, àwọn ará ìlú sì ń tò ó jọ sínú àjà bí ẹni pé wúrà ni. Kò sí ẹni tó dà á nù, nítorí náà kò ṣọ̀wọ́n títí dòní. Àwa tí a ka ìtàn owó ẹyọ mọ irú èyí. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹyọ di ohun tí alágbàárù ń rù sọkún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣòro ni ibi ìmọ̀. Nígbà tí a bá ní Wagner kù 60, kò sẹ́ni tó ti wọ gbogbo àjà ilé tó wà ní Amẹ́ríkà lọ wò. Ohun tí à ń wí ni pé 60 ni a ti rí. Ní ọdún 2012, nínú ilé kan ní ìlú Defiance ní ìpínlẹ̀ Ohio, àwọn ọmọ-ọmọ bàbá kan bá nǹkan bí 700 káàdì ọdún 1910 nínú àjà, wọ́n mọ́ ju gbogbo irú wọn tí ayé ti rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ní ọdún 2016 ẹ̀wẹ̀, ìdílé kan bá káàdì Ty Cobb méje nínú àpò bébà gbígbó tí wọ́n fẹ́ẹ̀ sọ nù, irú èyí tí ó jẹ́ pé orúkọ Cobb fúnra rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ tábà. Títí di ọjọ́ náà, èyí tí a mọ̀ kò ju nǹkan bí 15 lọ. Ǹjẹ́ àwọn tó ti ń pè é ní ọ̀wọ́n nígbà tí ó jẹ́ 15 purọ́ bí? Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ‘15 ni ó wà láyé’ ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ; ẹni tó ní ‘15 ni a mọ̀’ ni ó sọ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni ó wà láàrin wọn, mílíọ̀nù dọ́là sì lè gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ káàdì wò, láti fún un ní máàkì láti orí 1 dé 10, kí wọ́n sì dí i mọ́ inú ike. PSA, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ni orúkọ rẹ̀ hàn jù. Wọn a máa tẹ iye tí wọ́n ti yẹ̀ wò jáde, àwọn olùkójọ sì ń kà á bí ìwé mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn lè fọ́ ike náà, kí ó tún káàdì kan náà fi ránṣẹ́, a ó sì kà á ní méjì. Àwọn tí Burdick lẹ̀ mọ́ ìwé kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Iye tí ó pọ̀ ju òótọ́ lọ ní apá kan, iye tí ó dín sí òótọ́ ní apá kejì, inú ìwé kan náà.

Káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì jẹ́ Wagner kan. Máàkì 8 ni wọ́n fún un, kò sí Wagner mìíràn tó sún mọ́ ọn. Wayne Gretzky, agbá-họ́kì ọmọ Kánádà, àti Bruce McNall rà á ní gbàǹjo ní ọdún 1991 ní 451,000 dọ́là. Ní ọdún 2007 ó dé 2.8 mílíọ̀nù. Ní ọdún 2013, Bill Mastro, ẹni tó ta káàdì náà nígbà kan rí, jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ ní Chicago pé òun ti fi ọ̀bẹ rẹ́ etí rẹ̀ kí ó lè mú gédégédé. Ìwà jìbìtì rẹ̀ nídìí gbàǹjo mú un wẹ̀wọ̀n. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Láti 1991 dé 2013 jẹ́ ọdún 22, nítorí náà òtítọ́ pẹ́ lọ́nà díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí á ṣàkíyèsí ni pé Mastro kò sọ iye Wagner di púpọ̀ tàbí díẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn lè mọ̀ ni ó fọwọ́ kàn. Mo fi wé ti àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ní Baltimore tí wọ́n jogún Wagner kan, tí ó ti wó, tí etí rẹ̀ ti já. Ní ọdún 2010 wọ́n tà á bí ó ti rí, àléébù rẹ̀ hàn gbangba, ó sì pa owó tó lé ní 200,000 dọ́là fún iṣẹ́ àánú wọn.

Mo lè padà wàyí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Àwọn kan yóò ní kò jẹ màmá náà ní kọ́bọ̀. Àwíjàre wọn kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ìmọ̀ ni ó fi rí ohun tó rí. Ó ti fi ọdún mẹ́wàá ka ìwé, ó fi ojú ṣọ́ gbàǹjo, ó mọ̀ pé ìpolówó Drum kì í pọ̀ bí ti Piedmont tí ó kún ilẹ̀. Ṣé a máa ń bá adáhunṣe jà pé ó já ewé tí àwa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, tí ó fi wo aláìsàn gbowó? Bí ẹni tó mọ nǹkan bá ní láti san owó ohun tó mọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀, ta ni yóò tún kọ́ nǹkan?

Mo gbà fún wọn títí dé ibì kan. Adáhunṣe fi iṣẹ́ kún ewé. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò fi ohunkóhun kún páálí náà. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó láti dá a lẹ́bi, nítorí ẹni tó bá rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí ti ṣe iṣẹ́ kan. Bí ó bá jẹ́ ilé rẹ̀ ni ó ti tú àpótí náà, tí ẹnu yà á, orí rẹ̀ ni ó bá a ṣe é, màmá náà sì ti ta àpótí tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀, rere tàbí búburú. Bó bá fẹ́ fún un ní nǹkan, ọmọlúàbí ni. Bí kò bá fún un, n kò ní pè é ní olè.

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà tí mo fẹ́ẹ̀ fojú fò dá. Ó ní kí òun tó sanwó, òun ti yọ káàdì náà, òun sì ti yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà òun dá a padà sáàrin àwọn yòókù, iwájú sókè. Màmá náà bi í pé, ‘Ṣé nǹkan gidi wà níbẹ̀?’ Ó dá a lóhùn pé, ‘Káàdì àtijọ́ ni, mà.’

Ibí ni ìbéèrè méjì rẹ̀ ti di ẹyọ kan. Bí ọ̀wọ́n bá wà nínú káàdì bí iyọ̀ ti wà nínú omi òkun, a lè ní màmá náà ní in lọ́wọ́, àìbìkítà ni kò jẹ́ kí ó tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Páálí kan náà tí Berger dà sókun ni à ń fi mílíọ̀nù rà lónìí. Ọ̀wọ́n jẹ́ ìdájọ́ tí àwọn ènìyàn ṣe lórí ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọn kò rí, àti ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó mọ ìdájọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà yẹn kò ju ẹnìkan lọ. Màmá náà sì béèrè. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo tí kò lè rí fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú èsì rẹ̀ ni ó jẹ́ òótọ́, káàdì àtijọ́ ni lóòótọ́. Síbẹ̀, lójú mi, iṣẹ́ tí ọ̀bẹ Mastro ṣe sí etí páálí ni èsì yẹn ṣe sí ohun tí obìnrin náà lè mọ̀.

Mo kọ ọ́ sí i pé kí ó padà lọ bá a, kí ó sọ ohun tó rí fún un, kí àwọn méjèèjì jọ dá owó tuntun sí i, kí ó sì yọ owó làálàá tirẹ̀ bí ó bá fẹ́. N kò dárúkọ iye kan, nítorí n kò rò pé èmi ni ó yẹ kí n dá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì rẹ̀ dé. Ó dúpẹ́ púpọ̀. Ó ní òun ti fi káàdì náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fún un ní máàkì, pé ó lè tó oṣù méjì kí ó tó padà dé, àti pé nígbà tí òun bá rí máàkì rẹ̀ ni òun yóò mọ bí gbèsè náà ti tó. Mo tún kọ̀wé sí i lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì bi í bóyá màmá náà ṣì wà nínú ilé yẹn.